Báwo ni a ṣe lè ṣàlàyé “sorry” fún ẹni tí ń sọ èdè Urdu?

Olùkọ́ Tanke béèrè:

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti inú yàrá mi ní Tanke, níbí ní Ìlọrin, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ará Pakístàn tí ń sọ Urdu. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ràn àwọn ènìyàn náà, nítorí wọ́n mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún, wọ́n sì mọ olùkọ́ í pọ́n lé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan ti kó mi sí ìdààmú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n má baà ṣi àwọn ẹni ẹlẹ́ni lọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà ni “sorry”.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ń gbé ní Lahore, pẹ́ kí ó tó wọlé sórí ẹ̀rọ, ó sì sọ fún mi pé ìyá òun ló yọ̀ ṣubú ní ilé ìdáná, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ni. Kí n tó ronú, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi: “Ah, sorry, sorry o.” Ó dákẹ́. Mo rí i tí ó ń wò mí bí ẹni tí ń wá nǹkan tó sọnù, lẹ́yìn náà ló rọra dá mi lóhùn pé, “Olùkọ́, kì í ṣe ẹ̀bi yín.” Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé mo kàn ń kí i ní pẹ̀lẹ́ ni, àmọ́ n kò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tí mo lè fi pe pẹ̀lẹ́ láìtún padà sórí “sorry” yẹn.

Ìgbà kejì ló dùn mí jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní Karachi sọ fún mi pé bàbá ọ̀gá òun, tí í ṣe ará Ìlú Ọba, kú, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì kọ̀wé sí ọ̀gá náà pé, “I am so sorry.” Òun wá ọ̀rọ̀ náà wò nínú atúmọ̀ èdè tó wà lórí fóònù rẹ̀, ó rí “maaf kijiye”, ìyẹn ni pé kí a dárí ji òun. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn pé, “Kí ni gbogbo wọn fi ṣe bàbá náà?” Kò kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ tọrọ àforíjì lórí ikú ẹni tí kò fọwọ́ kàn rí.

Ẹni tí ń ṣe àbójútó ẹ̀kọ́ wa gbọ́, ó sì ní kí n yé lo “sorry” bí ará Nàìjíríà, kí n kọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì ni, kí n sì fi mọ síbẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Kí ni ẹ rò pé mo lè sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?

Alfa Pákàtà dáhùn:

Olùkọ́ Tanke, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. N kò gbọ́ Urdu bí ọmọ onílé, àmọ́ láti ìgbà èwe ni mo ti ń kéwú, àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà àti Pakístàn kọ ló sì mú kí n wá díẹ̀ kọ́ nínú èdè wọn. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe “sorry” nìkan ló dá wàhálà yìí sílẹ̀, “maaf” tí atúmọ̀ èdè gbé síwájú ọmọkùnrin yẹn ní ọwọ́ ńlá nínú rẹ̀.

Lárúbáwá ni “maaf”, láti inú gbòǹgbò onílẹ́tà mẹ́ta: ayn, fa àti waw. Ohun tí gbòǹgbò náà ń sọ ní ìpilẹ̀ ni pé kí nǹkan parẹ́, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń gbá ojú ẹsẹ̀ kúrò lórí yanrìn. Ẹni tó bá wí pé “maaf kijiye” ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun pa nǹkan kan rẹ́ ni, nǹkan náà sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí ó tó lè bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá yọ gbèsè kúrò lọ́rùn ènìyàn, “maaf” ni. Bí ìjọba bá fi owó orí jì í, “maaf” náà ni. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọmọkùnrin Karachi yẹn kò ṣìnà rárá, ohun tí ìwé sọ fún un ló gbà gbọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin kíyè sí nǹkan kan, torí pé inú mi máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀. Gbòǹgbò yìí kan náà ló bí “al-afiya”, òun sì ni a sọ di àlàáfíà, tí a fi ń kí ara wa láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Urdu náà kò fi í sílẹ̀, nítorí “khair-o-afiyat” ni wọ́n ń pe ìlera àti ìdẹ̀ra tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tí a fi ń kí ara wa níhìn-ín àti ohun tí wọ́n fi ń tọrọ ìdáríjì lọ́hùn-ún, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ tún fi èyí kún un. Bí alágbe bá na ọwọ́ sí ará Pakístàn tí kò sì ní ohun tó máa fún un, “maaf karo” ni yóò sọ, bí àwa ṣe máa ń sọ pé “Ọlọ́run á pèsè” tàbí “ẹ má bínú” lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti yí padà díẹ̀: “kijiye” wà fún ẹni tí à ń pè ní “aap”, tí í ṣe “ẹ̀yin” ti ọ̀wọ̀, “karo” sì wà fún “tum”, èyí tí wọ́n ń lò fún ẹgbẹ́ ẹni àti àwọn àbúrò. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú èyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ń fi “sir” tàbí “madam” ti “sorry” lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, ẹ má bá a wí, ọ̀wọ̀ tí èdè náà kò fún un ló ń wá ibi tí yóò fi sí.

Ọmọ Gàá Àkànbí dáhùn:

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ṣe àbójútó yín tọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sanwó láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ni ín, wọn kò sanwó láti kọ́ tiwa. “Sorry” túmọ̀ sí “ẹ má bínú”, ẹ kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀síwájú sí ẹ̀kọ́ mìíràn.

Bàbá Òmù-Àrán dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ohun tí ojú mi rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Dubai, èmi àti ọkùnrin kan láti Peshawar la sì jọ ń gbé yàrá. Pashto ni wọ́n ń sọ nílé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Urdu ni òun àti àwọn ará Pakístàn yòókù fi ń gbọ́ ara wọn yé. Kò ṣòro fún mi láti lóye ìyẹn, ẹni tó bá ti gbé Ìlọrin rí yóò ti bá àwọn ọmọ Fúlàní, ọmọ Tápà àti ọmọ Gàmbàrí pàdé tó jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo wọn jọ ń sọ.

Lọ́jọ́ kan tí a ń já ẹrù, ilẹ̀kùn irin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ gbá padà, ó sì há ìka àárín rẹ̀ mọ́. Mo rí i tí èékánná rẹ̀ dúdú lójú ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ láti abẹ́ rẹ̀. Mo sáré lọ bá a, mo ń sọ pé, “Sorry, sorry, sorry.” Ó fi ọwọ́ kejì di ìka náà mú, ó wò mí lójú, ó ní, “Ṣé ìwọ lo tì í ni?” Mo ní rárá. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi jẹun pọ̀. Lójú tirẹ̀, mo ti fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tún wá ń sẹ́.

Ẹnìkan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wá lọ ló bá wa tú u. Ìgbà náà ni mo béèrè ohun tí àwọn máa ń sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó ní wọn á kọ́kọ́ béèrè pé, “Chot to nahin lagi?” ìyẹn ni “ṣé kò ṣe ọ́ léṣe?”, wọn á sì ṣàdúrà pé, “Allah khair kare”, kí Ọlọ́run jẹ́ kó já sí rere. Nígbà tí wọ́n pè mí láti ilé pé ìyá mi ti ṣaláìsí, ọkùnrin Peshawar yìí ló jókòó tì mí lórí ẹní, ó ní, “Bahut afsos hua”, ìyẹn ni pé ó dun òun púpọ̀, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì láti ṣàdúrà fún ìyá tí kò mọ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé pẹ̀lẹ́ wà lẹ́nu wọn dáadáa, kò kàn sí nínú “maaf” ni.

Ìyá Ọ̀fà dáhùn:

Bàbá Òmù-Àrán, ẹ kú àṣẹ̀hìndè ìyá, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ “afsos” tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ni mo fẹ́ dì mú.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀fà níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Gàá Àkànbí, jọ̀wọ́ jẹ́ kí n ta kò ọ́ bí ìyá ṣe ń ta ko ọmọ. Bí “sorry” bá jẹ́ “ẹ má bínú” nìkan, a jẹ́ pé gbogbo àwọn Òyìnbó tó kọ̀wé sí ọ̀gá tí bàbá rẹ̀ kú ń jẹ́wọ́ ìpànìyàn nìyẹn. Àwọn tó ni èdè náà gan-an ló ń lò ó fún ìbánikẹ́dùn. Bí ó sì ti rí láti ìpilẹ̀ nìyẹn, nítorí pé nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “sarig” ni wọ́n ń pè é, láti ara “sar”, tó túmọ̀ sí ìrora, èyí tó di “sore” lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti inú “sorrow” ló ti wá, àmọ́ gbòǹgbò tiwọn yàtọ̀ síra, wọ́n kàn fi ara jọra nígbà tó yá ni. Ẹni tó ń sọ “sorry” nígbà náà ń sọ pé nǹkan dun òun ni, ìtọrọ àforíjì wá wọ inú rẹ̀ nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ ni ó yẹ kí ó dùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí Olùkọ́ Tanke kọ́ wọn kò ju ìbéèrè méjì lọ: ta ló ṣe é, ta ló sì ń dùn? Bí èmi bá ṣe é tí ó sì ń dun ẹlòmíràn, “maaf kijiye” ni, ẹ má bínú. Bí kò bá sí ọwọ́ mi nínú rẹ̀, tí ó sì ń dun ẹlòmíràn, “afsos” ni, pẹ̀lẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì sínú àpò kan, Urdu àti Yorùbá ló ya àpò wọn sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ti ní ohun tó fẹ́ sọ nílé tẹ́lẹ̀, ẹ kàn fẹ́ fi ẹnu ọ̀nà hàn án ni.

Àmọ́ ẹ máa ṣọ́ra ní ibi ìhun gbólóhùn, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Nígbà tí ará Pakístàn bá wí pé “mujhe afsos hai”, ìbànújẹ́ ni olùwà, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kàn ń gbà á ni, bí ẹni pé “ìbànújẹ́ wà fún mi”. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn: a máa ń sọ pé “ó dùn mí”, “àánú rẹ̀ ṣe mí”, nǹkan ló ń ṣe wá, àwa kọ́ là ń ṣe nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ènìyàn síwájú, tí ó sì sọ ìbànújẹ́ di àpèjúwe lára rẹ̀: “I am sorry”. Mo ti rí ọmọ Ọ̀fà tó kọ “I have sorry for him” sínú ìwé ìdánwò, n kò sì bínú sí i, nítorí mo mọ ibi tó ti gbé e wá. Olùkọ́ tó bá mọ̀ pé ọ̀nà tirẹ̀ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bára mu níbí ní ohun tí olùkọ́ tó jẹ́ Òyìnbó kò ní.

Fún ìròyìn búburú, ẹ fún wọn ní “I am sorry to hear that”, torí pé Urdu ní èyí tó bá a mu lẹ́sẹẹsẹ: “sun kar bahut afsos hua”, gbígbọ́ tí mo gbọ́ ọ, ìbànújẹ́ púpọ̀ ló kàn mí. Fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, “I am sorry for your loss”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa “I am sorry for you” láìsí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àánú tí à ń ti òkè wo ènìyàn ṣe ló wà nínú ìyẹn, irú èyí tí Urdu ń pè ní “taras”, ó sì lè ta ẹni tí a sọ ọ́ fún lára, bí ìgbà tí ènìyàn bá dédé wí fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé “o ṣe mí láàánú”.

Ti ẹni tó kọsẹ̀ tàbí tí ilẹ̀kùn há mọ́ lọ́wọ́ yàtọ̀, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tiwa ti ya kúrò lára ti Ìlú Ọba. Àwa ń sọ “sorry” fún un ní ṣókí, wọ́n sì lóye rẹ̀ ní Ìlọrin àti ní Accra. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní London, yóò wẹ̀yìn wò bóyá ẹ̀yin lẹ tì í. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni “Are you all right?”, tí ó sì jẹ́ ìbéèrè bíi “Chot to nahin lagi?” ti ọkùnrin Peshawar. Ẹ kọ́ wọn ní ìyẹn, kò ní ṣòro fún wọn rárá.

“Sorry?” tí a gbé ohùn rẹ̀ sókè, tí a fi ń sọ pé “ẹ ní kí ni?”, rọrùn. “Ji?” ni tiwọn.

Ọmọ Gàá Àkànbí dáhùn:

Ẹ ṣeun, ìyá. Mo gba àtúnṣe yín. Ìwé tí wọ́n kọ sí ọ̀gá náà ni n kò rò jinlẹ̀.

Olùkọ́ Tanke dáhùn:

Ẹ kú àánú mi o. Mo ti lo ohun tí ẹ sọ, ó sì yẹ kí n jábọ̀.

Mo sọ fún ìyá Lahore pé kó sọ fún mi ní Urdu ohun tó máa wí fún aládùúgbò rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣubú. Ó ní, “Allah shifa de”, kí Ọlọ́run fún un ní ìwòsàn, ó sì fi “bahut afsos hua” tì í. Mo ní, “Ohun tí mo ń sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.” Ó bo ẹnu rẹ̀, ó ní òun ti ń rò pé bóyá ohun tí mo kọ́ òun ló mú òun pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá òun, ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé fún un pé bí mo ṣe kí i ní ṣókí bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tiwa ní Nàìjíríà ni, pé ní ibòmíràn kí ó sọ gbólóhùn náà tán.

Ọmọkùnrin Karachi béèrè bóyá kò ti pẹ́ jù, torí pé ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bàbá ọ̀gá rẹ̀ kú. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, a ń ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, a sì tún ń ṣe ti ogójì ọjọ́, kò sì sí ẹni tí ń lé oníbánikẹ́dùn padà. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀: “I was very sorry to hear of your father’s death.” N kò fọwọ́ kan lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Ọ̀gá náà dá a lóhùn ní ọjọ́ kejì.

Ẹni tí ń ṣe àbójútó wa ni mo kọ̀wé sí ní àná, mo fi ìbéèrè méjèèjì ti Ìyá Ọ̀fà sínú rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n máa fi wọ́n kọ́ni. N kò tíì rí èsì gbà.

Ìbéèrè kan ló kù, Alfa. Ìyá Lahore ní kí n kọ “ẹ pẹ̀lẹ́” sílẹ̀ fún òun kí òun lè fi kí ìyá òun. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà tiwa, àmọ́ àmì orí rẹ̀ dà á láàmú. Ṣé mo lè fi lẹ́tà kéwú kọ ọ́ fún un, nígbà tí Lárúbáwá kò ní “p”?

Alfa Pákàtà dáhùn:

Lárúbáwá kò ní in, ṣùgbọ́n Urdu ní in. Ẹ kọ “ba”, kí ẹ sì fi àmì tóótòòtó mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀ dípò ọ̀kan. Yóò kà á láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì láìṣe wàhálà. Ohùn rẹ̀ yóò fúyẹ́ ju tiwa lọ díẹ̀, nítorí pé ètè nìkan ni wọ́n fi ń pe “p” tiwọn, àwa sì ń fi ẹ̀yìn ahọ́n kún un. Ẹ pè é sí i létí lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ẹ sì bá wa kí ìyá rẹ̀ pé ara á yá.